Ta Lo Sọ Ọ́ Fún?

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Lúùkù 1:24-56. Àwọn Onídàájọ́ 16:4-21. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 23:12-22

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà láti Ìjòkó lọ sí Sàngó báyìí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́, Olúwa á máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀. Ọ̀rọ̀ tòní wà fún àwọn ọmọ wa obìnrin tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ì báà jẹ́ Ìláròó, ì báà jẹ́ Àgọ́-Ìwòyè, àti fún àwa tá a rán wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mò ń sọ o. Ọmọbìnrin kan kúrò nílé, ó wọ fásitì. Òun àti ọmọbìnrin kejì jọ ń gbé yàrá kan. Ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń se ìrẹsì, wọ́n ń wọ aṣọ ara wọn, àwọn èèyàn ń pè wọ́n ní ìbejì. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, ọmọ wa sọ ohun tí kò sọ fún ìyá ẹ̀ rí: oyún kan tó ti ṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì jọ sunkún.

Oṣù méjì kọjá. Ọ̀rẹ́ ní kó yá òun lówó. Ọmọ wa ní kò sí. Ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ṣé màmá ẹ ṣì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin?"

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ láti alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ wa ò rí oorun sùn mọ́. Ó wá owó náà, ó san án. Ó tún san òmíràn. Ó tẹ̀ lé e lọ síbi tí kò fẹ́ dé. Bí ìyá bá pè, á ní, "Dáadáa ni, mà." Ẹnì kankan ò nà án, ẹnì kankan ò yọ ọ̀bẹ sí i. Ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀.

*1. Ẹ wo ohun tí ọ̀rẹ́ ń fi àṣírí ṣe.*

Àwọn olórí Filísínì ṣèlérí fún Dẹ̀lílà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan àwọn máa fún un ní 1,100 owó fàdákà. Ó bi Sámsónì lẹ́ẹ̀kan, Sámsónì parọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, irọ́ náà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sámsónì rí i kedere pé ohun tóun bá sọ ni obìnrin yìí ń lò láti fi mú òun, síbẹ̀ kò dìde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló parí ẹ̀: bó bá fẹ́ràn òun lóòótọ́, kí ló dé tí kò sọ ọ́? Ojoojúmọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, títí ayé fi sú u.

Ẹ wá wo Èlísábẹ́tì. Màríà dé bá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà, tó wá lóyún: ẹ ka Diutarónómì 22, ẹ máa rí i pé òkúta ni òfin pèsè fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Èlísábẹ́tì ò bi í pé, "Ta ló fún ẹ lóyún?" Kí Màríà tó ṣàlàyé ohunkóhun, ìyá àgbà yìí ti ń súre fún un. Ó gbà á sílé fún bí oṣù mẹ́ta. Òun náà ti fi oyún tirẹ̀ pa mọ́ fún oṣù márùn-ún, ó mọ bí ó ṣe ń rí.

Ọmọ mi, bi ara rẹ: ẹni tí mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún, ṣé ọkàn mi balẹ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà náà, àbí ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí? Bí ẹ̀rù bá ti wọ̀ ọ́, dìde níbẹ̀. Má ṣe bíi Sámsónì.

*2. Àṣírí kan wà tí kò yẹ ká bá èèyàn pa mọ́.*

Ó lé ní ogójì ọkùnrin tó búra pé àwọn ò ní jẹ, àwọn ò ní mu, àfi bí àwọn bá pa Pọ́ọ̀lù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Pọ́ọ̀lù obìnrin gbọ́ ọ. Kò ní, "Kò kàn mí." Ó lọ sọ fún Pọ́ọ̀lù, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n mú un lọ bá ọ̀gá àwọn ọmọ ogun. Ọ̀gá náà fà á sí kọ̀rọ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹlòmíì. Ẹ rí i báyìí: ó sọ fún ẹni tó lè gbani, kò sì tú u sójú títì. Ìyàtọ̀ òfófó àti ìgbàlà nìyẹn.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní òun máa gbé Sniper mu, tó ní kó o búra pé o ò ní sọ, sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń fà á wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, sọ ọ́. Lọ́dún 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní University College, Ìbàdàn. Ìpànìyàn kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn ẹgbẹ́ míì ti wá dìde lẹ́yìn wọn, àwọn obìnrin náà sì dá tiwọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, títí kan George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí ìmùlẹ̀ àti "má sọ fún ẹnikẹ́ni" ń gbé èèyàn dé nìyẹn.

Ẹni tó bá sì ń fi àwòrán tàbí voice note halẹ̀ mọ́ ọ kó lè gba owó, òfin Cybercrimes ti ọdún 2015 ka ìyẹn sí ọ̀ràn tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Má san owó mọ́. Má sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ̀rí ni.

*3. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o.*

Kí ló dé tí ọmọ fi sọ fún ọ̀rẹ́, tí kò sọ fún ìyá? Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ohun tí à ń sọ nípa ọmọ ẹlòmíì. Ọjọ́ tí a fi ọmọ aládùúgbò tó gboyún wálé ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ, ọjọ́ náà ni ọmọ tiwa ti pinnu pé òun ò ní sọ nǹkan kan fún wa láéláé.

Ìbínú wa àti ìtìjú wa ni ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn ń tà fún un. Bí ìyá bá ti gbọ́ ọ, tí kò lé e, tí bàbá ò sì ní òun kọ́ ló bí i, ọjà ti kú mọ́ ẹni yẹn lọ́wọ́. Mi ò ní ká máa yin ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹ bá wọn wí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lè wọlé ná.

Ní Jòhánù 4, Jésù mọ gbogbo ìtàn obìnrin ará Samáríà, ọkọ márùn-ún, kò sì lé e lẹ́bàá kànga. Obìnrin náà fi ìkòkò omi rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ fi ẹnu ara ẹ̀ ròyìn láàárín ìlú. Ta ló tún lè fi ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà á? Àṣírí tó ti dé ọwọ́ Jésù, kò sẹ́ni tó lè fi gba owó lọ́wọ́ rẹ mọ́.

*Iṣẹ́ òní:* Òbí, pe ọmọ rẹ lónìí. Sọ fún un pé, "Kò sí ohun tó o máa sọ fún mi tí mo máa fi lé ẹ jáde." Ọmọbìnrin tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀, sọ fún àgbà kan tó bẹ̀rù Ọlọ́run kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ìwọ tí ohun ìtìjú ọ̀rẹ́ rẹ wà lórí fóònù rẹ, pa á rẹ́ báyìí, kó o sì bẹ̀ ẹ́.

*Àdúrà:* Olúwa, tú gbogbo ọmọ wa tí wọ́n fi àṣírí dè sílẹ̀. Fi Èlísábẹ́tì pàdé wọn. Sọ ilé wa di ibi tí òtítọ́ ti lè wọlé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ á dára fún wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan tó wà nílé ìwé.