NÍGBÀ TÍ ÈSÌ KÒ TÍÌ DÉ

KÀ: Léfítíkù 13:1-6, 1 Sámúẹ́lì 30:9-10, 21-25
AKỌSÓRÍ: 1 Sámúẹ́lì 30:24

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa mọ omi wẹ̀ dáadáa. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, yóò ti wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, a tún máa bá kóòṣì àgbà kọ́ àwọn ọmọdé. Ní ọjọ́ kan, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn díẹ̀. Dókítà ní òun yóò ya àwòrán ọkàn rẹ̀, òun yóò sì so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn láyà tí yóò máa ka bí ọkàn náà ṣe ń lù fún wákàtí 24. Ó ní kí gbogbo èsì tó jáde, kó má wọ omi, kó máa fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ nìkan.

Ó wá bá mi. "Pásítọ̀, bí mo bá dúró, ṣé kì í ṣe pé mo ti gba àìsàn náà wọlé nìyẹn?"

Olùfẹ́ ọ̀wọ́n, ìwọ náà mọ irú ìbéèrè yìí. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé kó máa wẹ̀ lọ, kí á gbàdúrà, ó parí. Ó dùn ún sọ, ó sì jọ ìgbàgbọ́. Ọpẹ́ ni pé mi ò sọ ọ́.

Wo Léfítíkù orí 13. Bí àmì kan bá yọ lára ọmọ Ísírẹ́lì, tí kò sì dá àlùfáà lójú bóyá ẹ̀tẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pè é ní adẹ́tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ní kó máa lọ sáàárín èrò. Ọjọ́ méje ni yóò fi sé e mọ́. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yé e, ọjọ́ méje mìíràn. Ẹsẹ 6 fi hàn pé ó lè jẹ́ èépá lásán. Ẹni náà á fọ aṣọ rẹ̀, á sì máa lọ. Ta ló fi ọjọ́ méje yẹn sínú òfin? Ọlọ́run tó ti mọ èsì kí àlùfáà tó yẹ ara ẹni náà wò ni. Bí dídúró de àyẹ̀wò bá jẹ́ àìnígbàgbọ́, a jẹ́ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi àìnígbàgbọ́ sínú òfin rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọjọ́ méje náà kì í ṣe adẹ́tẹ̀, a kò sì tíì kéde pé ó mọ́. Ibẹ̀ le láti gbé.

Ẹni tí ara rẹ̀ le ló sì máa ń ṣòro fún jù. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Alexander Dale Oen, ọmọ ilẹ̀ Norway, gba góòlù ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ìdíje àgbáyé ní Shanghai lọ́dún 2011. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2012, níbi tí ẹgbẹ́ wọn ti ń gbára dì ní Flagstaff ní Amẹ́ríkà, ó kú lójijì. Ẹni ọdún 26 ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé àìsàn ti wà nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ̀rù lè bà ọ́, àmọ́ apá líle kò lè sọ fún ọ bí ọkàn ṣe rí.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí òòyì bá kọ́ lórí ilẹ̀, a ó gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ṣubú. Ẹni tí òòyì kọ́ nínú omi kì í pariwo. Á rọra lọ sísàlẹ̀ ni. Mo bi arákùnrin wa pé: "Bí òòyì bá kọ́ ọ ní Sátidé, tí ọmọ ọlọ́mọ mẹ́jọ wà lọ́wọ́ rẹ nínú omi, ta ni yóò yọ wọ́n?" Kò dáhùn. Sátánì ní kí Jésù bẹ́ láti orí tẹ́ńpìlì, Jésù kò bẹ́ (Mátíù 4:5-7). Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Kò wọ omi mọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ ní Sátidé, ó ń dúró létí adágún pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Ó ní ojú kọ́kọ́ ti òun, òun sì parọ́ fún àwọn ọmọ pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe òun. (Àwa onígbàgbọ́ a máa tètè parọ́ nípa ara wa, a ó sì pè é ní ìjẹ́wọ́ rere.) Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sọ òtítọ́: "Dókítà ń yẹ ọkàn mi wò. Títí èsì yóò fi dé, orí ilẹ̀ ni màá ti máa kọ́ yín." Lẹ́yìn tí wọ́n parí, ọmọbìnrin ọdún 12 kan dúró dè é. Ó ní bí òun bá ti wẹ̀ kíákíá, àyà òun máa ń sáré, ojú òun a sì ṣókùnkùn; òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n má baà yọ òun kúrò lára àwọn tí yóò díje. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n pe ìyá rẹ̀, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Dana Vollmer. Ní ọdún 2003, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 15, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkàn rẹ̀ tó ń sáré jù. Ní ọdún 2012, ó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní London.

Nígbà tí Dáfídì ń lépa àwọn ará Ámálékì, igba nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lè kọjá odò Bésórì nítorí àárẹ̀. Irinwó kọjá, wọ́n sì ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n padà dé, àwọn kan ní kí wọ́n má fún àwọn tó dúró ní nǹkan kan nínú ìkógun. Dáfídì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní wọ́n dúró ti ẹrù, ìpín wọn kò sì gbọdọ̀ dín. Kò tilẹ̀ bi wọ́n pé irú àárẹ̀ wo ni.

Bóyá tìrẹ kì í ṣe omi. Ó lè jẹ́ àwẹ̀ tàbí ìṣọ́ òru tí dókítà ní kí o dá dúró fúngbà díẹ̀. Sọ fún olórí ẹ̀ka rẹ lónìí, má pè é ní ọ̀fìnkìn. Béèrè ẹrù tó wà nílẹ̀ tí o lè dúró tì.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, èsì arákùnrin wa kò tíì pé. Mo yà síbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, fèrè rẹ̀ ń dún.

ÀDÚRÀ: Baba, ọjọ́ méje mi ni mo wà yìí. Fún mi ní sùúrù láti dúró, àti ẹnu láti sọ òtítọ́ níbi tí mo dúró sí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.