Èló Ló Yẹ Ká Ta Àwo Àtijọ́?

Ojúlówó àwo orin Haruna Ishola tàbí ti Ayinla Omowura, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì ń kọrin, ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì àti CD gbòde, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo nílẹ̀ wa kógbá sílé. Ooru sì ti mú kí ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù wọ́. Àwọn tó ń wá a kò pọ̀, àmọ́ wọn kò kọ ohun tó lè ná wọn. Ohun tó ṣọ̀wọ́n báyìí kò lè ṣaláì wọ́n, n kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí ni ilé opó. Ẹ jẹ́ ká ní Bàbá ti papò dà, àwọn àwo rẹ̀ wà nínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, èló lẹ máa gbà lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

"Ọmọ mi, ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹ ni kó o mú wá. Eruku ni wọ́n kàn ń kó síbẹ̀."

Kí Màmá tó sọ̀rọ̀ tán, ọmọ náà ti fa àwo kan yọ, ó ti gbé e sí ìmọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ojú rẹ̀ ti họ, ó sì ti ka nọ́ńbà tí wọ́n fín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí orin parí sí. Ó ti mọ̀ pé àtẹ̀kọ́kọ́ ni. Ìkànnì Discogs, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2000, wà lórí fóònù rẹ̀. Ó ń rí iye tí wọ́n ti ta irú àwo náà rí níbẹ̀, látorí èyí tó kéré jù dórí èyí tó ga jù. Síbẹ̀, owó àkàrà ló kà sílẹ̀, ó gbé páálí, ó lọ.

Àwọn kan á ní ìnájà nìyẹn, kò ṣáà jalè. Àlàyé yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rí. Àárín ẹni méjì tó jọ mọ ọjà ni ìnájà ti ń dùn. Obìnrin tó ń ta tòmátò ní Bódìjà mọ iye tó gbé e, èmi náà mọ iye tí wọ́n tà á lánàá, a lè jọ fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màmá kò mọ nǹkan kan. Ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ yẹn gan-an ló fi rẹ́ ẹ jẹ, òun ló sì bí mi nínú jù. Ọmọlúàbí á ní, "Màmá, èyí wọ́n o. Ẹ jẹ́ ká fi í sí iye tí èmi náà á fi rí èrè jẹ." Èrè á ṣì wà níbẹ̀, torí òun ló máa fọ̀ ọ́, òun ló máa wá oníbàárà kiri. Tó bá wá ń tà á, kó pe iye tó wù ú, kó ṣáà sọ gbogbo àléébù ara rẹ̀, kó má sì pe àtúntẹ̀ ní àtẹ̀kọ́kọ́.

Àwọn olólùfẹ́ àwo náà ní ẹjọ́ tiwọn. Bí ẹnì kan bá tún àwo àtijọ́ tẹ̀, wọ́n á ní olè ni, pé ó wọ́n jù. Mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n fi ń tẹ àwo, iye kan náà ni wọ́n ń ṣe é, ì báà jẹ́ 300 àwo lèèyàn fẹ́ tẹ̀, ì báà jẹ́ 1,000. Bó bá jẹ́ 300, àwọn 300 yẹn náà ló máa pín owó ọ̀hún ru. Ká pe èèyàn lólè láìbi í léèrè ohun tó ná an, ìwà ọmọlúàbí kọ́.

Ohun tí èmi máa ń béèrè ni bóyá ẹbí olórin rí nǹkan kan gbà. Lọ́dún 1969, Haruna Ishola àti I.K. Dairo jọ dá Star Records sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé olórin fúnra rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde. Lónìí, bí àlòkù àwo ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kọ́bọ̀ kì í kan ọmọ olórin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ bá ẹbí ṣàdéhùn, tó san owó wọn kó tó tẹ àwo, tó sì kọ orúkọ àwọn onílù sẹ́yìn àpò rẹ̀, iye tó bá pè ni mo máa ń san.