Ta Ló Ni Ojúde?



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín àwa ọmọ ẹgbẹ́ ní Òkè-Afá: ilẹ̀ gbayawu tí ó wà níwájú mọ́sáláṣí wa, ta ló ni ín? Àwọn àgbà kan nínú wa fẹ́ kí á kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Owó ṣọ́ọ̀bù yóò san owó iná, yóò sì fún àwọn mùálíìmù ilé-kéú ní nǹkan lóṣooṣù. Síbẹ̀, ọkàn wa kò gbà á.

Àwọn baba wa kì í kọ́lé kí wọ́n má fi ojúde sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń ṣeré òṣùpá, ibẹ̀ ni àlejò ti ń sinmi kí ó tó wọlé, ibẹ̀ ni a ti ń parí ìjà. Ojúde Ọba tí a ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, orúkọ ilẹ̀ gbangba iwájú ààfin ni. Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá síbẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ nítorí àyè ẹ̀sìn tí ó fún wọn. Bí ìsọ̀ bá ti kún ibẹ̀ ni, níbo ni wọn ìbá dúró sí?

Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ fún àwọn tí ń jókòó sójú ọ̀nà pé ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Kí á má ni ẹnikẹ́ni lára wà nínú ẹ̀tọ́ náà. Ó dùn wá láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ àwa náà ń tẹ́ ẹní dé ojú títì. Aboyún tí ó ń rọbí lè wà nínú ọkọ̀ tí a dá dúró. Bí a bá wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojúde, sáàfù mélòó ni yóò tún bọ́ sí títì?

Ó tún ku ohun kan, ẹni tí ń gbé Òkè-Afá kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, iná ran ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ṣọ́jà ní Ìkẹjà. Àdó olóró ń bú gbàmù, àwọn ènìyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kó sínú kánààlì Òkè-Afá, nítorí ewéko ti bo ojú omi, ó sì dà bí ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn tí ó kú lápapọ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. A kò sọ pé ojúde ìbá gbà wọ́n là. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbalasa ni ẹni tí ń sá máa ń wá, ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n sì rò pé àwọn rí.

A ti fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tì. Owó àwọn mùálíìmù kò tíì pé, igbá owó ṣì ń yí ká lọ́jọ́ Jímọ̀. A ó gbin igi méjì sí ojúde náà, a ó fi sìmẹ́ǹtì mọ ìjókòó sí abẹ́ wọn, a ó gbé ẹ̀rọ omi kan síbẹ̀ fún ẹni tí ń kọjá, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. A kò sì ní fi géètì tì í lálẹ́.