Ìjókòó Mẹ́fà: Ta Ni Wọ́n Tọ́ Sí?



Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn Mísà òwúrọ̀, àgbẹ̀ kan nínú ìjọ wa dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò. Ó mú abala ìwé ìròyìn àtijọ́ kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi di iyọ̀ fún un ní ọjà. Ó nà án sí mi, ó ní, "Fadá, ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Ìkòròdú kan lọ sí ojú sánmà, tí ó sì padà wálẹ̀ kí ènìyàn tó jẹ àmàlà tán?" Mo ní òótọ́ ni. Ó ronú díẹ̀, ó sì tún bi mí pé, "Ta ni ó yàn án?"

Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú yín lónìí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2025, ènìyàn 6 wọ inú rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí a ń pè ní New Shepard, ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ Blue Origin, tí Jeff Bezos, ọlọ́rọ̀ nì, dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, ni ó ni rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀kan nínú àwọn 6 wọ̀nyí ni Owólabí Salis, amòfin ọmọ Ìkòròdú tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó du ipò gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2019. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé gbalasa òfurufú. Kì í ṣe ìjọba ni ó rán an, kì í sì í ṣe ọmọ ogun. Ará ìlú lásán bí èmi àti ẹ̀yin ni gbogbo wọn. Tọkọtaya kan tilẹ̀ wà nínú wọn.

Ẹ má ṣe rò pé wọ́n lọ yí ayé po. Bí ọmọdé bá sọ òkò sí máńgòrò tí kò bà á, òkò náà yóò gòkè, yóò dàbí ẹni pé ó dúró díẹ̀, yóò sì bọ̀ wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìrìn àjò náà rí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ju yàrá kékeré tí wọ́n jókòó sí sókè kọjá 100 kìlómítà, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìrìn Ṣakí sí Ìsẹ́yìn lọ bí a bá dá a dùbúlẹ̀. Fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ ara wọn fúyẹ́ bí òwú, wọ́n ń léfòó nínú yàrá náà. Ojú ọ̀run dúdú ní ọ̀sán gangan, etí ayé sì tẹ̀ kọrọdọ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ aṣọ ńlá mẹ́ta tí ó ṣí bí agboòrùn. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ. Ìwàásù mi a máa gùn jù bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀.

Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀ rárá; ẹ̀rọ ni ó ń darí ara rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tí ó bá a lọ kì í ṣe atukọ̀, ẹrù ni wọ́n. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ní ọdún 2021, FAA, àjọ tí ó ń ṣe àkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, pàápàá ṣe ìlànà pé ẹni tí yóò gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ wọn gbọdọ̀ ti ṣe iṣẹ́ kan tí ó ní láárí lójú ọ̀nà. Kò tó kí ó kàn jókòó. Ní tèmi, èmi kì yóò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àmì ẹ̀yẹ. Ọmọ ẹ̀yìn náà dé ọjà, ó sì rí ọjà.

Ìbéèrè àgbẹ̀ wa ni kí a padà sí. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ìjókòó mẹ́fà ni ó wà nínú yàrá náà. Níbi tí ohun rere bá ti mọ níwọ̀n, tí àwọn tí ó ń fẹ́ ẹ sì pọ̀ bí yanrìn, báwo ni ó ṣe yẹ kí a yan ènìyàn?

Ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni owó. Ní ọdún 2021, kí ọkọ̀ yìí tó gbé ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ta ìjókòó kan ní gbàǹjo, ẹnìkan sì fi mílíọ̀nù 28 dọ́là rà á. Nígbà tí mo sọ iye yìí fún àgbẹ̀ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀ ní àpò ajílẹ̀, kò sì lè parí ìṣirò náà. Inú bí i. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo rán an létí obìnrin tí ó da òróró olówó iyebíye sí Olúwa lára ní Bẹ́tánì, àti ẹni tí ó kígbe pé ìbá dára kí a tà á fún àwọn tálákà. A mọ irú ẹni tí olùkígbe náà í ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo rí i pé èsì mi kò pé: ara ẹlòmíràn ni obìnrin náà da òróró sí, kì í ṣe orí ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó ra ìjókòó fún ara rẹ̀ àti ẹni tí ó rà á fún ẹlòmíràn. Òdodo sì ni kí a sọ pé, nínú owó gbàǹjo náà, mílíọ̀nù 19 dọ́là ni wọ́n pín fún ẹgbẹ́ aláàánú 19. Kí a tó sì sọ òkò sí ọlọ́rọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí a rántí òkú tí a ń sin ní Òkè-Ògùn wa yìí: màlúù, àgọ́, aṣọ ẹbí, gbèsè ọdún mẹ́ta, fún bàbá tí kò rí owó oògùn gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè. Mo ti jẹ nínú ẹran náà, nítorí náà èmi kì yóò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a ṣẹ́ kèké. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀, ará erékùṣù Antigua, gun ọkọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn tí a ń pè ní Virgin Galactic, nítorí pé orúkọ ìyá náà ni ó jáde nínú ìdíje orí-ire kan tí a fi kó owó jọ fún iṣẹ́ àánú. Àwọn Àpọ́sítélì pàápàá ṣẹ́ kèké nígbà tí ipò Júdásì ṣófo, kèké sì mú Màtíásì. Ṣùgbọ́n ẹ ka ibẹ̀ dáadáa. Wọn kò da orúkọ gbogbo ènìyàn sínú igbá. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ó ti bá wọn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú méjì jáde, wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké. Ẹnìkejì tí kèké kò mú ń jẹ́ Jósẹ́fù Básábà. Ìwé Mímọ́ kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo sábà máa ń ronú nípa ọkùnrin yìí, bí ó ti padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àti ohun tí ó sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ìbò, èyí sì kàn wá ní tààrà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ wa tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, bá àjọ kan tí a ń pè ní SERA kéde pé ọmọ Nàìjíríà kan yóò ní ìjókòó nínú New Shepard, àti pé ìbò àwọn ènìyàn ni a ó fi yàn án. Wọ́n ní nígbà náà pé ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18 lè dìde, bí ó bá lè gun àtẹ̀gùn àjà méje láàárín ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Mo mọ àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti sá gun òkè Asabari, tí ọkàn wọn kò já. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìbò fún ọmọ ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn tí kò ní ju ogún ọ̀rẹ́ lọ lórí fóònù? Ẹni tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ ni etí ń gbọ́.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé mo ti ṣe é rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọmọ ìlú kan tí ó rí ṣe ní òkè òkun fi owó ránṣẹ́ pé kí n mú ènìyàn mẹ́ta lọ sí Jerúsálẹ́mù. Èmi ni ó ní kí n yàn wọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí mo bá yàn, àwọn yòókù yóò ní ojúsàájú ni. Mo bá gbé àpótí ìbò kalẹ̀. Àwọn tí ó wọlé jẹ́ ènìyàn rere: oníṣòwò kan tí ẹbí rẹ̀ pọ̀, olórí akọrin, àti ẹnìkan tí ó ń yá àwọn ará ní owó. Bàbá tí ó ti ń lu agogo ìjọ láti ìgbà àwọn àlùfáà òyìnbó, tí ó ti kọ́ ìdajì ìjọ náà ní katikísìmù, ní ìbò mẹ́rin. Òun ni ó bá mi gbé àpótí náà wọlé. Bí ó ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Fadá, ẹ ti ṣe é dáadáa. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí yín."

Kò sọ ọ́ láti bú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí mo fi ìbò náà ṣe gan-an nìyẹn: mo fi bo ara mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, mo sì ń wo ibòmíràn. Ní ọjọ́ kejì agogo dún ní àkókò rẹ̀. Bàbá náà ti sùn nínú Olúwa báyìí, kò sì rí Jerúsálẹ́mù.

Ọ̀nà kẹrin wà tí n kò mọ̀ nígbà náà. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ed Dwight, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ti Bishop Ward ní ìlú Kansas City. Ó di awakọ̀ òfurufú nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, a sì mú un ní ọdún 1961 láti kọ́ iṣẹ́ àwọn tí yóò lọ sí gbalasa òfurufú. Ó kọ́ ọ, ó sì yege. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ ènìyàn 14 ní ọdún 1963, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní ọdún 1966, ó sì di agbẹ́gilére àti arọ́dẹ, ó ń ya ère àwọn ènìyàn dúdú. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ẹgbẹ́ aláàánú kan, Space for Humanity, ràn án lọ́wọ́ láti rí ìjókòó nínú New Shepard. Ó ti pé ẹni 90 ọdún. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 2021, Bezos fi ìjókòó kan ta Wally Funk lọ́rẹ, obìnrin ẹni ọdún 82 tí ó ti yege ìdánwò ní ọdún 1961, ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́ kí ó lọ nítorí pé obìnrin ni.

Owó kò mú àwọn wọ̀nyí, kèké kò mú wọn, ìbò kò mú wọn. Ẹnìkan wo ẹ̀yìn, ó béèrè pé ta ni a ti fò kọjá, ó sì dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ọ̀nà yìí náà ní ewu. Ẹni tí ó ń yàn lè ṣì í yàn, ó lè fi àánú bo ojúsàájú mọ́lẹ̀. Ewu mìíràn sì wà: ẹni tí o bá yàn fún ìjókòó, o ti yàn án fún ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ tí Dwight lọ, ọ̀kan nínú aṣọ mẹ́ta tí ó ń gbé wọn bọ̀ kò ṣí tán. Wọ́n gúnlẹ̀ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ní ọdún 2014 ọkọ̀ Virgin Galactic kan fọ́ ní òfurufú nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ẹnìkan sì kú. Ìbò a máa gba ẹ̀bi irú èyí lórí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ènìyàn ni yóò gbé e nìkan.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ gbogbo èyí? Ọmọ ìjọ wa kan tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun ti san owó ìrìn àjò mímọ́ fún ènìyàn méjì. Lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi ni yóò yàn. N kò ní í gbé àpótí ìbò kalẹ̀ fún orúkọ. Àpótí kan yóò wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀, kódà tiyín. Ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kí n wò lára ẹni tí n ó yàn. Ẹni tí kò bá lè kọ ìwé, kí ó wá sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn Mísà. N ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ti kọ tèmi, mo sì ti fà á ya lẹ́ẹ̀mejì.