Àbùkù Tó Ń Sùn Láàárọ̀

Bí jíà jíìpù ìdílé kan bá kọ̀ láti wọlé lọ́sàn-án, tí ó ń wọlé wẹ́rẹ́ láàárọ̀, ṣé ọkọ̀ náà bàjẹ́ àbí kò bàjẹ́? Mẹkáníìkì wà á yí àdúgbò ká, kò rí nǹkan kan. Ọ́ìlì ni ó ń fi agbára ti jíà ọ̀tọ̀mátíìkì. Nínú jíà tó ti gbó, bí ọ́ìlì náà bá gbóná nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, yóò ṣàn jù, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù: ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò sáré. Bó bá tutù, ara rẹ̀ á tún yá.

Wàyí o, baálé fẹ́ tà á. Ó ní kí olùrà wá ní aago méje òwúrọ̀, kí ó wà á bó ti wù ú. Kò purọ́ kankan. Àwọn kan á ní kí olùrà la ojú rẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tó mọ wákàtí tí àbùkù ń sùn, tó sì yan wákàtí náà fún àlejò, ti sọ̀rọ̀. Aago ni ó fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká má tilẹ̀ dárúkọ owó. Ta ni yóò wà nínú ọkọ̀ náà bí ó bá kọṣẹ́ lójijì ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn? Kí baálé wí fún olùrà ni. Bí ẹnu rẹ̀ bá wúwo, kí ó ní kí ó wá ní aago méjì ọ̀sán.