Ṣé Ọ̀nà Ló Jìn Ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: kí ni ó yẹ ká máa fi wọn bí ọ̀nà ṣe jìn tó? Àwọn àgbà ní, "Ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba." Wọ́n ní ẹni tí a kò rí ará rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe aláìlẹ́nìkan, ọ̀nà ni kò jẹ́ kí wọ́n ríra. Láyé ọjọ́un, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Lóde òní ńkọ́?

Láti Èkó dé London tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Aureol ń ná ọ̀nà Èkó sí Liverpool, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni èrò fi ń wà lórí òkun. Ní 1974 ni ìrìn àjò ọkọ̀ náà sí ọ̀dọ̀ wa dópin. Bàálù ti gba ipò rẹ̀ báyìí. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ péré, ó ti balẹ̀. Aago pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí òkè àríwá ni bàálù ń kọrí sí. Nígbà òtútù wọn, wákàtí kan ni aago tiwa fi ń ṣíwájú. Nígbà ooru wọn, méjèèjì a dọ́gba.

Mo mọ gbogbo èyí dáadáa, torí mo ti fi bú àbúrò mi rí. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá ní London láìwálé. Lọ́dún tó kọjá, Màmá wa ṣubú ní Ìbàdàn, itan wọn sì ṣẹ́. Ni mo bá gbé fóònù. Mo ní, "Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀! Oúnjẹ tí o bá jẹ níbẹ̀ ò ní tíì dà tán tí wàá fi dé Èkó!"

Ó dákẹ́ lọ títí. Ó wá ní, "Bọ̀dá mi, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Bí mo bá kúrò níbí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Ta ni màá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú o. Kí Màmá tó ṣubú, ìgbà wo lẹ ti rí wọn kẹ́yìn?"

Háà! Mi ò rí èsì fọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni.

Láti Èkó sí Ìbàdàn ò ju nǹkan bí 130 kìlómítà lọ. Láti 2021, reluwé tuntun náà ń kó èrò lọ, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Mi ò nílò físà. Àwáwí mi ò ju sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ àti iṣẹ́ ìwé ìròyìn lọ. Mo ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, mo sì ń ṣe bí ẹni pé owó náà ti bá mi kí wọn.

Èrò tèmi nìyí. Ẹni tí ìwé tàbí àìlówó dí lọ́nà, ẹ jẹ́ ká rọra dá a lẹ́jọ́. London jìn sí i lóòótọ́, bí bàálù tilẹ̀ ń fò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀nà là fún, tí kò lọ, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa òwe ẹrú àti baba rẹ̀ yẹn mọ́.

Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, Màmá kọ́kọ́ bi mí pé, "Ṣé ọ̀nà ò dí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kò dí, Màmá."

Ẹ̀yin náà, ẹni wo ló ń retí yín? Ẹ dìde, kí ọ̀nà tó jìn lóòótọ́.