Àtíbàbà Etí Òkun

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àtíbàbà ìgbafẹ́ fún ìdílé rẹ̀ sí etí òkun Lekki á kọ́kọ́ bi káfíńtà pé igi wo ló máa pẹ́ jù. Lójú tèmi, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú, ìbéèrè ìgbàgbọ́ sì ni: ta ló ni ibi tí a fẹ́ jókòó sí? Oníṣẹ̀ṣe á ní Olókun ni. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí á ní Ẹlẹ́dàá ni. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ọmọ ènìyàn ni. Àlejò wá ni ẹni tó ń gba atẹ́gùn níbẹ̀, ohun tó yẹ kó kọ́ ni èyí tó ṣeé tú nígbà tí onílé bá ń bọ̀: òpó igi, ilẹ̀ pákó tó ga kúrò lórí iyanrìn, òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi okùn dì. Kọnkéré kò yẹ ibẹ̀.

Àwọn kan lè ní odi òkúta á dá omi dúró. Ẹ wo Èkó. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn kó òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté, kí ọkọ̀ òkun lè máa wọlé láìséwu. Bẹ́ẹ̀ iyanrìn etíkun wa a máa ti ìwọ̀-oòrùn rìn lọ sí ìlà-oòrùn. Òkúta ká a mọ́ apá kan, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní apá kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Odi kò lé omi lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹni ló darí rẹ̀ sí. Kí n tó lè sinmi, ṣé dandan ni kí ẹlòmíràn pàdánù ilẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ka ìyẹn sí, kì í ṣe àṣìṣe ìkọ́lé lásán.

Àtakò tó wúwo jù ni ti Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Pákó ni wọ́n fi kọ́lé, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan, síbẹ̀ òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìlú náà lọ. Kí wá ni ìwà àlejò ṣe fún wọn? N kò sọ pé ó ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ilé ni wọ́n pàdánù, ẹni tó pàdánù ilé nílò ìrànlọ́wọ́ ìjọba, kò nílò ìwàásù. Ẹni tó ní ilé mìíràn, tó kàn ń wá ibòji, òun ni mò ń bá wí.

Bí ó bá ní ogún ọmọ òun ńkọ́, ojúbọ Ise ní Japan lè dá a lóhùn: láti ọdún 690 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ ní gbogbo ọdún 20, èyí tó kẹ́yìn sì wáyé ní 2013. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ ni wọ́n fi ń jogún. Ìwé Léfítíkù náà pa á láṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n gbé inú àgọ́ fún ọjọ́ 7 lọ́dọọdún, títí kan olówó tó ní ilé òkúta, kí wọ́n sì máa yọ̀ níbẹ̀. Títí di òní, àwọn Júù a máa bo àgọ́ náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí wọ́n lè rí ìràwọ̀ láti abẹ́ rẹ̀.